Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀ Kí O Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ: Èrò Kan Lórí Ìperí fún Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Ríbósóòmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń ṣẹ̀dá ìperí ní èdè Yorùbá. Síbẹ̀, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í wo ilé náà, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kò sì yọ ara mi sílẹ̀. Ohun tí a máa ń wò ni orúkọ tí aládùúgbò sọ ọmọ tirẹ̀. A ó wá yí orúkọ náà sí Yorùbá, a ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìmọ̀ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ tí a ó fún un, àti pé iṣẹ́ náà ni kí á túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pè é. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀: àwọn purotéènì tí ń ran ríbósóòmù lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń kọ́ purotéènì tuntun nínú sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà.

1. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé àkójọ ìperí kan wá bá mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìperí fún ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni. Nínú rẹ̀, wọ́n pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “elongation factor” ní okùnfà ìfàgùn. Mo wò ó, mo rí i pé kò rú òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- wà ní ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe fà àti gùn wọ ara wọn, àmì ohùn sì pé. Mo fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ kan tí ó ti gbìyànjú láti fi àkójọ náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ń fa purotéènì náà? Ṣé bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa rọ́bà ni?” Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti kọ ọ́ sínú ìdáhùn wọn pé purotéènì máa ń kúrú ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n máa ń fà á títí tí yóò fi gùn. Àwọn mìíràn ka okùnfà ìfàgùn mọ́ àwọn ohun tí ń fa àìsàn, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, okùnfà, ni ibi tí àwọn dókítà bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí okùnfà àrùn.

Ojú tì mí. Àwọn ọmọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tí a kọ fún wọn gan-an ni wọ́n gbọ́. Àwa tí a kọ ọ́ ni a kò mọ ohun tí à ń sọ.

2. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà

Mo tọ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ohun abẹ̀mí lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí ní ṣókí.

Ìwúkàrà ni ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ń mú ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Saccharomyces cerevisiae wà nínú ẹmu ọ̀pẹ pẹ̀lú, níbi tí ó ti ń sọ adùn ẹmu di ọtí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ètò inú sẹ́ẹ̀lì náà jọ ti ènìyàn ní ọ̀nà púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó fún ìwádìí káàkiri ayé. Ní ọdún 1996 ni wọ́n parí kíka gbogbo ìwé àjogúnbá rẹ̀, wọ́n sì rí i pé jíìnì inú rẹ̀ tó nǹkan bí 6,000. Nínú sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà tí ó bá ń dàgbà kánkán, ríbósóòmù tó nǹkan bí 200,000. Ríbósóòmù ni ó ń kọ́ purotéènì.

A lè fi purotéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, àyàfi pé kò sí okùn nínú rẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ kan ni ó so mọ́ èkejì. Amínò-ásíìdì ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, oríṣi 20 ni ó sì wà tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. RNA kan, tí n ó pè ní RNA ońṣẹ́, ni ó ń gbé àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ jíìnì. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ríbósóòmù ń ka àṣẹ náà. Mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí amínò-ásíìdì kan, àfi ìwọ̀nba tí ń sọ pé kí iṣẹ́ dúró. RNA mìíràn, tí n ó pè ní RNA alárù, ni ó ń ru amínò-ásíìdì wá síbi iṣẹ́. Àyè mẹ́ta ni alárù ń gbà kọjá nínú ríbósóòmù: àyè A tí ó ń bá wọlé, àyè P tí ó ti ń di purotéènì tí a ń kọ́ lọ́wọ́ mú, àti àyè E tí ó ń gbà jáde.

Alárù kì í dá wọlé. Purotéènì kan tí a ń pè ní eEF1A ni ó ń mú un wá sí àyè A, ó sì gbé GTP lọ́wọ́. Bí lẹ́tà mẹ́ta ara alárù bá bá lẹ́tà mẹ́ta ara ońṣẹ́ mu, GTP yóò fọ́ di GDP, eEF1A yóò fi alárù sílẹ̀ níbẹ̀, òun yóò sì jáde. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, alárù yóò padà lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. eEF1A tí ó ti lo GTP rẹ̀ kò wúlò mọ́ títí di ìgbà tí purotéènì mìíràn, eEF1B, bá tó bá a yọ GDP kúrò, kí GTP tuntun lè bọ́ sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí alárù bá ti jókòó sí àyè A, ríbósóòmù fúnra rẹ̀ ni yóò so purotéènì tí ó wà ní àyè P mọ́ amínò-ásíìdì tuntun náà. Kí ẹ̀yin òǹkàwé ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí pé n ó tún padà sórí rẹ̀: ríbósóòmù ni ó ń so ó, kò sí ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ń so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni eEF2 yóò dé pẹ̀lú GTP tirẹ̀, yóò sì ti àwọn alárù àti ońṣẹ́ síwájú ní ìwọ̀n lẹ́tà mẹ́ta. Alárù tí ó wà ní A yóò bọ́ sí P, èyí tí ó wà ní P yóò bọ́ sí E, àyè A yóò sì ṣófo fún ẹlòmíràn.

Títí dé ibí yìí, bákan náà ni ti ìwúkàrà àti ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ní olùrànlọ́wọ́ kan tí àwa kò ní. Ní ọdún 1976, Skogerson àti Wakatama kọ̀wé lórí purotéènì kan nínú ìwúkàrà tí ó yàtọ̀ sí eEF2, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì so mọ́ ríbósóòmù. Òun ni a wá mọ̀ sí eEF3. Ní ọdún 1995, ìwádìí fi hàn pé àyè E ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: òun ni ó ń ran alárù tí ó ti sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́wọ́ láti jáde, ATP ni ó sì ń lò fún un. Bí a bá mú un kúrò nínú ìwúkàrà, ìwúkàrà náà kò lè yè. Nítorí pé kò sí nínú ara ènìyàn, àwọn onímọ̀ ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ibi tí oògùn lè gbà kọlu àwọn ẹbí ìwúkàrà tí ń fa àrùn sí wa lára, láìṣe ríbósóòmù tiwa ní ibi.

3. Ohun tí ó burú nínú “okùnfà ìfàgùn”

Bí a bá gbé ìperí tí mo fọwọ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe yìí, àṣìṣe mẹ́ta ni a ó rí.

Èkínní wà nínú fà. Ohun tí a bá fà kò pọ̀ sí i. Ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni. Purotéènì ń gùn nítorí pé a ń fi kún un. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ rọ́bà sínú ìdáhùn wọn kò jẹ̀bi.

Èkejì wà nínú okùnfà. Okùnfà ni ohun tí ó jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ríbósóòmù ni ó ń so amínò-ásíìdì pọ̀. Àwọn purotéènì wọ̀nyí ń mú wá, wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n ń tì, wọ́n sì ń mú jáde. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá pe ọmọṣẹ́ bíríkìlà tí ń po sìmẹ́ńtì ní okùnfà ilé ti gba iṣẹ́ bíríkìlà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi bo iṣẹ́ mẹ́rin mọ́lẹ̀. Okùnfà ìfàgùn kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́ nínú èyí ju kíkà lọ? Kò sí ohun kan nínú “ẹ̀kẹta” tí ó lè sọ fún un ìdí tí ìwúkàrà fi ń kú nígbà tí eEF3 kò bá sí.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúkú ń lo nọ́ńbà, ó sì tó wọn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbàgbé pé orúkọ wọn náà a máa ṣìnà. Ẹ wo purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní eIF5A. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ń ran ríbósóòmù lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni lẹ́tà I inú orúkọ rẹ̀ dúró fún. Ní ọdún 2009, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìwúkàrà fi hàn pé nígbà tí purotéènì bá ń gùn lọ́wọ́ ni ó ń ṣèrànwọ́. Ní ọdún 2013, òmíràn fi hàn pé ó ń gba ríbósóòmù sílẹ̀ nígbà tí ó bá há níbi tí amínò-ásíìdì tí a ń pè ní proline bá ti tò tẹ̀ léra, nítorí pé proline ṣòro láti so. Lẹ́tà I ṣì wà nínú orúkọ náà títí di òní, nítorí pé orúkọ ti mọ́ wọn lẹ́nu. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ kò ní àwáwí yẹn. Bí a bá túmọ̀ lẹ́tà náà sí “ìbẹ̀rẹ̀”, àṣìṣe tí àwọn tí ó ni ín ti mọ̀ sí àṣìṣe ni a ó jogún.

4. Ìperí tí mo dábàá

Fún iṣẹ́ náà lápapọ̀, mo dábàá ìmúgùn. Mo kọ́kọ́ ronú sí ìsokún, láti ara so àti kún, nítorí pé ó sún mọ́ iṣẹ́ náà jù. Ṣùgbọ́n ó fara jọ ìsọkún jù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi wá rẹ́rìn-ín. Ìmúgùn kò sọ bí gígùn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ nípa rẹ̀ bí ìfàgùn ti ṣe.

Fún ẹgbẹ́ àwọn purotéènì náà, mo dábàá olùrànlọ́wọ́ ìmúgùn. N kò fara mọ́ olùmúgùn, bí ó tilẹ̀ kúrú jù ú lọ, nítorí pé yóò tún gba iṣẹ́ ríbósóòmù fún wọn.

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é: eEF1A ni amálárùwọlé, eEF1B ni apààrọ̀, eEF2 ni atìsíwájú, eEF3 ni amálárùjáde. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó wà nínú gbogbo wọn. Mú àti alárù di málárù gẹ́gẹ́ bí mú àti àwòrán ṣe di máwòrán nínú amóhùnmáwòrán. Amálárùwọlé àti amálárùjáde bá ara wọn ṣe tibi-tire: ẹni tí ó bá gbọ́ èkínní yóò ti máa retí èkejì.

Kí á wo èrè tí ó wà níbẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 ni àrùn difitéríà ti tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó sì pa àwọn ọmọdé. Ara eEF2 ni májèlé àrùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Kódà eEF2 inú ìwúkàrà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sọ fún olùkọ́ pé májèlé difitéríà ń ba okùnfà ìfàgùn kejì jẹ́, kò sí ohun tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé ó ń de atìsíwájú lọ́wọ́, ó ti mọ èyí tí ó kù: kò sí ẹni tí yóò ti alárù síwájú, àyè A kò ní ṣófo, purotéènì kò ní gùn mọ́, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kú.

5. Àwọn àtakò tí mo ń retí

Àwọn kan yóò sọ pé kí á kúkú yá gbogbo ọ̀rọ̀ náà lò, kí á kọ wọ́n ní ìlànà àkọtọ́ Yorùbá. Èmi kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rọ̀ àyálò. Ríbósóòmù, purotéènì àti amínò-ásíìdì tí mo ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, àyálò ni wọ́n. Mo sì fẹ́ kí àmì bí eEF3, RNA àti GTP dúró bí wọ́n ṣe wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá ìwé gbogbo ayé pàdé. Ìlànà tèmi ni pé kí á yá orúkọ nǹkan, kí á sì fi Yorùbá pe iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti mọ ìdí tí ríbósóòmù fi ń jẹ́ ríbósóòmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ pé eEF2 ń tì kò tíì mọ eEF2.

Àwọn mìíràn yóò ní orúkọ wọ̀nyí gùn jù. Wọn kò gùn ju asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán lọ. Ìwúkàrà pàápàá, tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ti mú mọ́ wa létí, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe sí àkàrà ni wọ́n fi pè é. Orúkọ náà kò sọ pé ohun abẹ̀mí ni, síbẹ̀ kò tíì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jù lójú mi: alárù inú ọjà mọ ibi tí ó ń gbé ẹrù lọ, RNA alárù kò mọ̀. Òun àti eEF1A kàn ń bọ́ sínú ríbósóòmù bí ó bá ṣe bọ́ sí i ni, èyí tí kò bá bá àṣẹ mu yóò sì padà. Òtítọ́ ni. Kò sí àfiwé tí kò ní ibi tí ó máa ń dópin, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti fi ibẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n àfiwé tí ó kù díẹ̀ káàtó sàn ju èyí tí ó yí òtítọ́ po lọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí a ṣe Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni a ń wá. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ni ìmọ̀ náà. Nígbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, títí kan sáyẹ́ǹsì, inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ ti ń rí ìdánwò rẹ̀. Bí a ṣe ń wọ inú ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ bí èyí, àǹfààní méjèèjì yìí ni ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa: onímọ̀ èdè kò mọ iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì sí nítòsí láti bi í ní ìbéèrè.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí á má ṣe fọwọ́ sí àkójọ ìperí sáyẹ́ǹsì kankan mọ́ àfi bí onímọ̀ iṣẹ́ náà bá kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ní Yorùbá, fún ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ; àti àfi bí olùkọ́ kan bá ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ni, tí ó sì mú ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà wá fún wa. Ní tèmi, mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lábẹ́ okùnfà ìfàgùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ìperí tí ó dára ju amálárùjáde lọ, mo ṣe tán láti gbà á, kìkì bí ó bá lè sọ fún mi ohun tí eEF3 ń ṣe ní àyè E.